Àwọn Àpọ́n Inú Ẹ̀jẹ̀

Sùlíyá ló kọ́kọ́ rí i, kò sì sọ. Ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà lówùúrọ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ imú ìkókó náà, ó wo ojú ibi tí ó tẹ̀, ó tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa aṣọ bò ó, ó dìde wọlé, ó ní oòrùn ti ń mú jù.

Hàmdálàt, ìyá ọmọ, wo ìyá rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Àyà rẹ̀ já, nítorí oòrùn kò tíì mú rárá.

“Ìyá, kí lẹ rí?”

“Kí ni n ó rí? Gba ọmọ rẹ, fún un lọ́mú.”

Ọmọ tí ó bá gbọ́n a máa gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ kò sọ. Ọmọ márùn-ún ni Sùlíyá bí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn obìnrin mẹ́ta wà láyé, Hàmdálàt ni àbíkẹ́yìn wọn. Àwọn ọkùnrin méjèèjì kò dúró gba orúkọ. Ojú wọn pọ́n bí omi ọsàn, wọn kò mu ọmú mọ́, wọ́n sì lọ. Kò sẹ́ni tí ń dárúkọ ọ̀rọ̀ náà nínú ilé wọn, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ń sọ ọ́ lẹ́yìn ògiri pé ìdílé yẹn kì í gbọ́mọkùnrin. Ìdí nìyẹn tí Sùlíyá kò fi jó nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí i láti Agége pé Hàmdálàt bí ọkùnrin. Pọ́tímáńtò rẹ̀ ni ó lọ fà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nínú pọ́tímáńtò yẹn ni aṣọ ìgbọ́mọ ìdílé wọn wà: òfì kan tí ó ti rọ̀ bí òwú, àti àwọn àdìrẹ tí ìyá Sùlíyá fi gbé òun fúnra rẹ̀ pọ̀n. Nígbà tí ọmọkùnrin àkọ́kọ́ kú, Sùlíyá fọ gbogbo wọn, ó ní kòkòrò kankan kò tún ní fẹnu kan aṣọ tí ọmọ òun yóò fi bora. Ó ra káńfọ̀, àwọn wóró funfun tí ń ta sánsán yẹn, ó fi há ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èkejì kú, ó sọ káńfọ̀ náà di ìlọ́po méjì. Ohun tí apá obìnrin ká ni ó ń ṣe. Bí ó ṣe ṣí pọ́tímáńtò náà ní Agége, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀.

“Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, aṣọ olówó ti dé o!” Tàíbátù, ìyàwó onílé, ni ó na ọrùn wọlé. “Ìtọ́jú yìí pọ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ńkọ́, àpò ọ̀rá ni wọ́n ń sọ aṣọ ọmọ sí.”

“Ẹ bá mi wí fún wọn,” ni Sùlíyá fi dá a lóhùn, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Hàmdálàt náà fi imú fa òórùn yẹn. Òórùn ìyá rẹ̀ ni, láti kékeré.

Òfì yẹn ni wọ́n fi wé ọmọ láti ọjọ́ tí Sùlíyá ti dé. Òun náà ni ó wà lára rẹ̀ nígbà tí Nùréènì, bàbá rẹ̀, ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Sùlíyá ń tẹ imú ọmọ kiri. Iléeṣẹ́ tí ń ṣe páànù ìbolé ní Oregun ni Nùréènì ń bá ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí iṣẹ́ fi di ọ̀wọ́n, kò tíì lé sílé. Ó gbé ọmọ sókè, ó wò ó.

“Ojú ọmọ yìí mà pọ́n.”

Wẹ́rẹ́ báyìí ni ó sọ ọ́.

“Oòrùn àárọ̀ á gbé e lọ,” ni Sùlíyá wí. “Ká máa fún un lómi gúlúkóòsì.”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Kazeem mi,” ni Tàíbátù sọ láti ojú fèrèsé. “Ẹ wò ó bí ó ṣe rí gbọnrangandan lónìí!”

Nùréènì kúnlẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù. Bí wọ́n bá ní kò sí nǹkan, a ó padà wálé, a ó fi ara wa rẹ́rìn-ín.”

Ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀ ni, tí ọkọ̀ di ohun tí à ń wá bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti Agége dé Ìkẹjà, Nùréènì gbé ọmọ, Hàmdálàt ń rìn bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Sùlíyá sì tẹ̀lé wọn lẹ́yìn.

Dókítà Tẹ́júọlá ni wọ́n bá níbẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tí ó fi okùn bàtà so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn kí ó má baà jábọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà ní Sáúdí tí wọ́n ń ka dọ́là. Òun ṣì wà ní Ìkẹjà, ó ń yí gúlóòbù fúnra rẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ, ó bọ́ ọ síhòòhò goloto, ó di ojú rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù kan tí káfíńtà ọsibítù kan àpótí fún. Ó ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, iná náà ni yóò tú u ká.

Iná náà sì tú u ká lóòótọ́. Lójoojúmọ́ ni ara ọmọ ń mọ́ sí i. Ó ń mu ọmú, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá Sístà Catherine nígbà tí ó bá fẹ́ fún un lábẹ́rẹ́, Sístà a sì ní, “Wò ó, ṣé kí n bá ẹ jà ni?” Nígbà tí dókítà ní kí wọ́n máa lọ sílé, Sùlíyá wólẹ̀ gbalaja. Hàmdálàt kò rí i kí ìyá rẹ̀ wólẹ̀ fún ẹni tí kò tó o lọ́jọ́ orí rí.

Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Ààfáà pè é ní Àbdùlgàfár, ìyá àgbà rẹ̀ pè é ní Àkànní. Tàíbátù se ìrẹsì, wọ́n pín in ní ṣíbí-ṣíbí nítorí bí ìlú ṣe rí. Sùlíyá sì tún ṣí pọ́tímáńtò. Àdìrẹ ni ó tẹ́ sílẹ̀, òfì ni ó fi bò ó, ìkókó náà dùbúlẹ̀ sínú òórùn sánsán náà bí ọmọ ọba. Hàmdálàt ń wo ìyá rẹ̀ tí ó ń kọrin fún ọmọkùnrin tí ó gba orúkọ, ó ń sọ lọ́kàn pé ó tó gẹ́ẹ́, ó tó gẹ́ẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìtọ̀ ọmọ dúdú bí omi kóòkì. Ojú pọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Hàmdálàt ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ọmú yọ jáde. Ọmọ ń sun oorun tí kì í ṣe oorun.

Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó dárúkọ oòrùn. Eré ni wọ́n sá.

“Kí lẹ fún ọmọ yìí mu?” Sístà Catherine pariwo mọ́ wọn bí ó ṣe rí i. “Àgbo àbí kí ni? Ẹ̀yin ìyá àgbà yìí, ẹ ò ní gbọ́ràn láéláé!”

“Mi ò fún un ní nǹkan kan!” Sùlíyá lu àyà rẹ̀. “Ẹ gbé Kùránì wá, kí n fi búra. Bí mo bá fi ewé kan ọmọ yìí lẹ́nu, kí n má padà dé Ògbómọ̀ṣọ́!”

“Sístà, ẹ jẹ́ kí Màmá fara balẹ̀,” ni Dókítà Tẹ́júọlá wí. Kò bínú, kò sì gbé ohùn sókè. Ó yíjú sí Hàmdálàt. “Ìyá Àbdùlgàfár, gbọ́ mi. Níbí, ara ọmọ yá. Nílé, ara ọmọ bàjẹ́. Ohun kan wà nílé tí kò sí níbí. Bá mi wá a. Ibo ni ó ń sùn?”

“Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Mà.”

“Ẹ ń fín oògùn ẹ̀fọn?”

“Rárá, Mà. Nẹ́ẹ̀tì la ń ta.”

“Ìpara ńkọ́?”

“Òrí lásán ni.”

Dókítà tẹ̀ sílẹ̀ láti gba ọmọ. Ó ti nawọ́ sábẹ́ ọrùn rẹ̀ kí ó tó dúró bẹ́ẹ̀, tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òfì náà. Ó fa èémí. Ó tún fà á.

“Ta ló ni aṣọ yìí?”

“Èmi ni,” ni Sùlíyá wí, ó sì na ọrùn. “Aṣọ ìdílé wa ni. Kòkòrò kankan ò jẹ ẹ́ rí. Ìtọ́jú rẹ̀ kò kéré, káńfọ̀ tí mo ń rà sí i lọ́dọọdún ju iyọ̀ ọbẹ̀ lọ.”

Dókítà tú ọmọ kúrò nínú aṣọ náà wéréwéré, ó ká aṣọ ọ̀hún, ó gbé e fún Nùréènì pé kí ó gbé e jáde kúrò nínú ilé pátápátá. Ó ní kí Hàmdálàt náà bọ́ ìró rẹ̀, kí ó wọ aṣọ ọsibítù. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún wọn pé iná búlúù nìkan kò ní tó mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni wọn yóò pàrọ̀, kí ohun tí ó pọ́n yìí má baà gun orí ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Wọ́n nílò ẹ̀jẹ̀ kíákíá.

Nùréènì sáré lọ sí Oregun. Nígbà tí ó padà, Ọláwọlé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni ó tẹ̀ lé e, géńdé kan tí ó ga bí ilẹ̀kùn, tí òógùn sì ti bò ó kí ó tó fojú kan abẹ́rẹ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó bá ti ọmọ mu.

“Ẹ ṣe é wẹ́rẹ́ o,” ni ó wí, ó di ojú. “Nùréènì, èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń fún ọmọ rẹ lẹ́jẹ̀ o. Bí ó bá dàgbà tí ó ń lu ìlù ní kọ́yà, kí o má wá pè mí lẹ́jọ́.”

“Kó kọ́kọ́ dàgbà ná,” ni Nùréènì fèsì. Ọláwọlé fi ọwọ́ kejì dì í lọ́wọ́ mú.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde, tí wọ́n ń dá tuntun padà, iṣẹ́ tí kò gba ìkánjú. Hàmdálàt jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá mìíràn, ọmú rẹ̀ kún, ó ń ro ó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń sọ lọ́kàn: bí ó bá yè, ṣé orí rẹ̀ yóò pé?

Nígbà tí dókítà jáde, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ní iṣẹ́ parí, ọmọ ń mí dáadáa, ṣùgbọ́n ọmú ni yóò fi hàn wọ́n. Bí ó bá jí tí ó mú ọmú fà, a jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ bọ́. Ó sì yẹ kí ó lọ sinmi. Kò lọ. Ó fa bẹ́ǹṣì kékeré kan, ó jókòó sáàárín wọn, nítorí ó rí i pé ojú gbogbo wọn ń béèrè.

“Atẹ́gùn tí à ń mí yìí, ọ́síjìn, òun ló ń dáná inú ara. Bí kò sí i, kò sí wa. Ṣùgbọ́n iná kì í jó kó má ta pàrà. Bí ara ṣe ń lò ó, díẹ̀ nínú rẹ̀ á bọ́ sọ́tọ̀, á di àpọ́n. Ẹ sì mọ ìwà àpọ́n tí ojú ń pọ́n.”

“Háà, kò lè jókòó!” ni ìyá kan wí, àwọn yòókù sì rẹ́rìn-ín.

“Kò lè jókòó. Á bọ́ sóde, á já ìyàwó oníyàwó gbà. Ọkọ tí wọ́n gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀, kí lòun náà dà?”

“Àpọ́n!”

“Òun náà á dìde, á lọ já ti aládùúgbò rẹ̀ gbà. Kí á tó ṣẹ́jú, gbogbo àdúgbò ti dàrú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń tú ògiri hóró ẹ̀jẹ̀. Ọlọ́run kò sì fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹ̀ṣọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹ̀ṣọ́ yìí á pàdé àpọ́n lọ́nà, á fún un ní ìyàwó, á ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́.”

“Bíi síńkì!” Nùréènì dìde dúró. “Síńkì tí à ń ri irin bọ̀ kó tó di páànù. Òun ni ìpẹtà á máa jẹ, tí kò ní jẹ́ kó kan irin.”

Ojú dókítà mọ́lẹ̀. “Ẹ ṣeun, Bàbá Àbdùlgàfár. Ọdọọdún ni mo ń wá àpẹẹrẹ tí yóò dára tó yẹn. Ìpẹtà àti àpọ́n yìí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.” Ó yíjú sí àwọn ìyá padà. “Ẹ̀ṣọ́ ń jẹun. Ohun kan wà nínú hóró ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọ. Ohun yẹn ló kéré nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí láti inú ìyá rẹ̀ wá. Bí nǹkan bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ìwọ̀nba tí ó ní tó o. Ṣùgbọ́n òórùn káńfọ̀ a máa gba imú àti awọ ìkókó wọlé, á kó ogun àpọ́n wọ̀lú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ á tán. Hóró ẹ̀jẹ̀ á máa fọ́, ohun tí ó dà sílẹ̀ lára wọn ló ń pọ́n lójú. Kì í ṣe ti ìkókó nìkan o. Ojú arúgbó tí ń fọ́, àìsàn ọkàn, ogbó fúnra rẹ̀, àwọn àpọ́n yìí ò ṣàì lọ́wọ́ sí i. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ wọ́n ni.”

Hàmdálàt wo obìnrin náà. Ó ti gbọ́ òwe lẹ́nu àwọn àgbà, ó ti gbọ́ wáàsí lẹ́nu ààfáà, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ rí kí ẹnì kan ṣí inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sílẹ̀ bí ẹni ṣí ilẹ̀kùn ilé, kí ó ní ẹ wọlé, ẹ wá wo ibi tí ó ti ń jò.

Sùlíyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Dókítà.”

“Màmá.”

“Mo bí ọkùnrin méjì rí. Ojú wọn pọ́n. Ti àkọ́kọ́, káńfọ̀ inú aṣọ náà kò ju wóró díẹ̀ tí ìyá mi fi síbẹ̀. Ti èkejì, èmi ni mo rà á.” Ó gbé ojú sókè. “Ṣé èmi ni?”

Hàmdálàt fẹ́ kí dókítà sọ pé rárá. Ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́.

Dókítà Tẹ́júọlá kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá arúgbó náà pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀.

“Màmá, n kò sí níbẹ̀, n kò sì ní purọ́ fún yín. Ó lè jẹ́ aṣọ náà. Ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn, nítorí irú ẹ̀jẹ̀ yẹn lè pọ́n lójú láìsí káńfọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀. Obìnrin ní ẹ̀dà méjì ogún yìí, ọ̀kan á ran èkejì lọ́wọ́, ọkùnrin ní ẹyọ kan péré. Ẹ kò yan ẹ̀jẹ̀ tí ẹ bí wọn sí. Ní ti aṣọ, ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ jù lọ dáàbò bò wọ́n. Kò sẹ́ni tí ó sọ fún yín. Àwa tí a kàwé ni ó yẹ kó wá sọ fún yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, a kò sì wá.”

Sùlíyá mi orí. Kò sunkún. Ó sọ pé, “O ṣeun tí o kò purọ́ fún mi,” ó sì fi ìborùn rẹ̀ nu ojú dókítà náà, nítorí òun ni omi ń dà lójú.

Ìrọ̀lẹ́ ni Sístà Catherine gbé Àbdùlgàfár jáde. Ara rẹ̀ funfun, ó rí bí ẹni tí ó rìnrìn àjò jíjìn. Ó gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, ó ní, “Ó yá, jẹ́ ká wò ó.” Hàmdálàt ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹnu dúró gbagada. Ó tún un kì. Nùréènì yíjú sí ògiri. Ètè kékeré náà mì, ó mì lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ó mú, ó fa, ó fa bí ẹni tí ó fẹ́ gbé ọmú lọ, tí Hàmdálàt fi ké “Yéè!” nítorí ó dùn ún. Gbogbo wọ́ọ̀dù hó gèè.

“Olè ọmọ!” ni Sístà Catherine ń pariwo. “Ó fẹ́ já ìyá ẹ̀ lọ́mú!”

Nínú ariwo yẹn ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọlé láti ẹnu géètì, ìkókó wà láyà rẹ̀ nínú ìró tuntun tí a ṣẹ́ po dáadáa. Ó fẹ́ béèrè ibi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ. Bí ó ṣe ń kọjá, Sùlíyá gbé imú sókè. Ó dìde.

“Ọmọ mi, dúró. Bá mi tú aṣọ yẹn kúrò lára ọmọ.”

“Ẹ̀n-ẹ́n? Kí ló dé? Ta ni yín, Màmá? Ṣé nọ́ọ̀sì ni yín ni?”

“Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì.” Ohùn rẹ̀ kò mì. “Ìyá ọmọkùnrin méjì ni mí tí wọn kò sí mọ́. Káńfọ̀ wà nínú aṣọ wọn, bí ó ṣe wà nínú tìrẹ. N kò mọ̀ nígbà náà. Mo mọ̀ báyìí.”

Kí ó tó di ọjọ́ yẹn, Hàmdálàt kò gbọ́ kí ìyá rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ àwọn ọmọ yẹn rí, áńbọ̀sì kí ó sọ ọ́ láàárín àjèjì. Ó wo ìyá rẹ̀ tí ó dúró ṣánṣán nínú wọ́ọ̀dù yẹn, ó rò ó pé bóyá obìnrin yìí ti ga báyìí tẹ́lẹ̀, òun ni kò wò ó dáadáa.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà wo dókítà tí ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Dókítà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, kò dá sí i. Ọ̀dọ́mọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ náà.

“Kí ni n ó wá fi bò ó, Màmá? Mi ò mú òmíràn wá.”

Sùlíyá ti ń bọ́ ìborùn kúrò léjìká rẹ̀.

“Ọṣẹ nìkan ló mọ èyí,” ni ó wí, ó sì wé ọmọ ọlọ́mọ náà sínú rẹ̀.